Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Bò

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìpè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú fóònù mi, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ìdánwò iṣẹ́ kan ní Èkó padà dé sí Ore. Ẹsẹ̀ mi wú láti inú ọkọ̀, orí mi sì wúwo. Ìdánwò karùn-ún nìyí láti ìgbà tí mo ti parí sáà àgùnbánirọ̀ mi, n kò sì rí ìdí kankan tí èyí fi máa yàtọ̀ sí mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀.

Bọ̀dá ló pè mí. Bọ̀dá kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Ọmọ àbúrò ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni. Òun ló ń gbé agboolé bàbá wọn ní Odigbo, òun náà ló ń bójú tó ìwọ̀nba oko kòkó tó kù. Ó ní kí n tètè máa bọ̀. Ó ní ìyá àgbà ti gbé àga ti irin dúdú tó wà lábẹ́ àtíbàbà láti ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi mọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ Ajé ni àwọn bíríkìlà fẹ́ wá da kọnkéré síbẹ̀ fún sísá kòkó. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ní àwọn yóò ti gbé irin náà lọ kí bíríkìlà tó dé.

“Ìwọ lo kàwé ẹ́ńjìnnì nínú ẹbí yìí,” ni Bọ̀dá wí. “Wá bá mi sọ fún wọn pé irin lásán ni.”

Mo ṣàlàyé fún un pé orí pátákó àti nínú ìwé ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ́, pé n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tó dàgbà ju bàbá mi lọ rí. Bọ̀dá kò gbà.

“Ṣé ká wá fi sàtífíkéètì rẹ dé ìkòkò ni?”

Mo wọ ṣòkòtò tí mo wọ̀ bọ̀ láti Èkó, mo gun ọ̀kadà.

Mo mọ irin náà. Kò sí ọmọ tó wá lo ìsinmi ní agboolé yẹn tí kò gùn ún rí. Ó jókòó sí igun àtíbàbà, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀dà sì bò ó nípọn débi pé èèyàn kò lè mọ ibi tí irin ti parí àti ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀ Agbabu ni. Àwọn àgbà máa ń bù ú láti ibi tó ti ń sun jáde nílẹ̀, wọ́n a fi kun òpó ilé kí ikán má baà jẹ ẹ́, wọ́n a sì fi kun irin kó má baà dógùn-ún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta ni mo kà á sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyá àgbà wà níbẹ̀. Omifunfun ni wọ́n ń gbé, láti ìgbà tí mo sì ti gbọ́njú, n kò rí wọn nínú agboolé bàbá wọn rí. Bọ̀dá kàn ránṣẹ́ sí wọn nítorí pé wọ́n jẹ́ àkọ́bí ilé, kí ẹnì kan má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé kò sọ fún àgbà kó tó kó nǹkan ilé dà nù. Kò retí pé wọ́n máa wá. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn dé, tàwọn ti báàgì.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n bèèrè bóyá mo ti jẹun, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n jókòó. Èdè Ìkálẹ̀ ni ìyá àgbà ń sọ. Yorùbá tí a ń kọ nínú ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí. Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú ìtàn bàbá wọn lẹ́nu ìyá mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.

Bàbá wọn jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, ó sì ra ọkọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó agégẹdú kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti darúgbó kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí nìkan ni gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn náà fẹnu kò lé lórí. Ìyá àgbà ní àwọn tó ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìyá wọn ń rọbí, ọmọ kò sì bọ́. Wọ́n gbé aboyún náà sínú ọkọ̀ láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Oǹdó. Ọkọ̀ náà kò dé Oǹdó. Aboyún náà àti ọmọ inú rẹ̀ kú lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá wọn ní ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Àwọn ará ilé ìyá wọn ní irọ́ ni, pé ṣe ló kọ́kọ́ lọ wọn kòkó lọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á, pé oòrùn ti ga kó tó kúrò nílùú, àti pé kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Wọ́n mú ọmọ ọdún méje náà lọ sí Omifunfun, àwọn ló tọ́ ọ dàgbà, ìtàn tiwọn ló sì gbọ́ dàgbà. Nígbà tí bàbá náà kú, ìyá àgbà ti wà nílé ọkọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn kò lọ. Nínú ẹbí wa, àkọ́bí ló máa ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sórí pósí. Ẹlòmíì ló bù ú.

“Àbúrò mi kan sọ fún mi kó tó kú pé irin yìí ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà,” ni ìyá àgbà wí. “Àwọn kan ní kì í ṣe òun, pé èyí tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ni. Sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Bó bá jẹ́ ti ọkọ̀, ṣé ó bàjẹ́, àbí kò bàjẹ́?”

Mo ní n ó gbìyànjú. N kò ṣèlérí.

Bọ̀dá fún mi ní kẹrosíìnì, àkísà àti ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Mo kọ́kọ́ ya àwòrán irin náà, mo sì rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára díẹ̀, mo gbé e sí ibi tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ máa ń kóra jọ sí lórí ayélujára. Kó tó di ọ̀sán, ènìyàn mẹ́rin ti fèsì. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń fa omi ni. Èkejì ní ti katakata ni, ó sì fi búra. Ẹ̀kẹta dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì rí nọ́ńbà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ìdánilójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ju ohun tó hàn nínú àwòrán lọ. Ẹ̀kẹrin kò dárúkọ ohunkóhun. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí: kí ló wà níwájú rẹ̀ níbi tí ọ̀pá àárín ti yọ, kí ló sì wà nínú kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó wà lẹ́yìn? Òun ni mo fọkàn tán jù, nítorí pé òun nìkan ló mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Mo ha ọ̀dà títí di ìrọ̀lẹ́. Bí kẹrosíìnì bá rọ̀ ọ́, n ó ha á, n ó nù ún, n ó tún da kẹrosíìnì sí i. Èékánná mi dúdú, òórùn rẹ̀ sì wọ inú oúnjẹ tí mo jẹ. Bí Bọ̀dá bá ń kọjá, a máa sọ nǹkan. Ó ní bí wọ́n bá ti mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní yunifásítì, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá tó mi.

Níwájú ọ̀pá àárín, mo rí irin tó ní eyín méjì. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ti ọwọ́ irin bọ̀, tí wọ́n á fi yí ẹ́ńjìnnì kó tó dún. Èyí kò yanjú nǹkan kan, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ń rin gbágùúdá náà lè ní irú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú kẹ̀kẹ́ irin ńlá náà ni irin mìíràn wọ̀ sí, ó rí bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Awọ ẹran ni wọ́n fi yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì fi ìṣó bàbà pupa kàn án mọ́ ọn. Awọ náà ti gbẹ, ó ti sán bí èèpo igi, ṣùgbọ́n awọ ni. Mo wò ó pẹ́ kó tó yé mi. Kílọ́ọ̀ṣì ni, irú ti ayé ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Awakọ̀ a tẹ ẹsẹ̀, awọ a kúrò lára irin, ọkọ̀ a dúró láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ́ńjìnnì tó ń rin gbágùúdá kò nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì nìkan ló ń lò. Nítorí náà ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ èyí, yálà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n lọ fọwọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bẹ mẹ́káníìkì kan wá láti Ore. Ó ti dàgbà, kò ṣiṣẹ́ púpọ̀ mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Mo ti fi àwòrán hàn án tẹ́lẹ̀ lórí fóònù, ó sì ti kọ̀ láti sọ ohunkóhun. Nígbà tó dé, kò ya àwòrán irin náà bí èmi ṣe yà á. Ó kúnlẹ̀, ó mú sípánà kan, ó gbé e lé bóòtù, ó kéré jù. Ó mú òmíràn, ó tóbi jù, ó ń yọ̀ gìrọ̀gìrọ̀. Kò sí sípánà kankan láàárín méjèèjì yẹn nínú àpò irinṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tú ìdí àpò tirẹ̀, ó fa sípánà kan yọ tó ti dán nítorí ọjọ́ orí. Ó bọ́ sórí bóòtù náà bí ìgbà tí ọmọ bá mọ ọmú.

“Ìwọ̀n àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ nìyí,” ni mẹ́káníìkì náà wí. “Ọ̀gá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ tí mo ti fi ń ṣí ìgò nìkan.” Ó wo fóònù tí mo gbé dání. “Ẹ̀yin oníwèé, irin wà níwájú yín, fóònù ni ẹ ń bi.”

Mo gbà fún un. Láàárọ̀ kan, sípánà kan ti fi hàn mí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì náà, tàbí pé ẹni tó ṣe é lo ìwọ̀n wọn. Mo fẹ́ fi gbólóhùn kejì yẹn sí i nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún Bọ̀dá, ó ní kí n jọ̀ọ́ mú ọ̀kan.

Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lórí pẹpẹ kékeré kan tí ọ̀dà ti dáàbò bò dáadáa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, mo fi ìka nù ún, ṣọ́ọ̀kì kù sínú àwọn ihò nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà márùn-ún ni. Mẹ́fà àti mẹ́ta ló gbẹ̀yìn. Bọ̀dá wọlé lọ, ó gbé àpótí páànù bàbá rẹ̀ jáde. Ìwé ọkọ̀ bàbá ìyá àgbà wà níbẹ̀, ikán sì ti jẹ ẹ́ ju ìdajì lọ. Níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí, méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù: mẹ́fà, mẹ́ta.

Mo ní ó bá a mu, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ẹ́ńjìnnì, a lè rí ọ̀kan tó máa bá a mu lásán.

“Ọgọ́rùn-ún?” ni mẹ́káníìkì náà bèèrè. “Ṣé ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ló wà ní Odigbo nígbà náà?”

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ni. Mo wo ojú ìyá àgbà, wọn kò rẹ́rìn-ín. Ìdajì ìbéèrè wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdáhùn.

Ẹ́ńjìnnì náà ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ti ògiri láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó rí ẹ̀gbẹ́ náà rí. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi igi yí i padà, èmi wà lára wọn, ẹ̀yìn sì ń dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí nípọn ju ti ibi tó kù lọ, ní ojú kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ha á, mo kan aṣọ. Ẹnì kan ti ká àkísà, ó ti kì í wọlé, ó wá fi ọ̀dà bò ó. Mo fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gba ìka mẹ́ta. Etí ihò náà yọ síta gbágungbàgun. Bí ènìyàn bá fi òòlù lu irin láti ìta, inú ni etí rẹ̀ máa wọ̀ sí. Èyí ti inú wá.

Mẹ́káníìkì náà tú àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Ó gbà wá tó wákàtí méjì, nítorí pé bóòtù mẹ́ta kán. Nígbà tí ó ṣí, a rí i pé ọ̀kan nínú àwọn irin mẹ́rin tó ń gbé písítìn lọ bọ̀ ti kán sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ sínú àwo. Òun ló lu ihò náà. Ohun mìíràn tún wà nínú àwo náà: nǹkan kan tó le, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tó rí bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Mẹ́káníìkì náà fi ìka ha á, ó fọwọ́ ra á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ìyá àgbà má baà gbọ́.

“Èyí kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Àdí ni.”

Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, àwọn ọ̀gá òun máa ń sọ ọ́. Bí ọ́ìlì bá tán níbi tí kò sí èyí tí èèyàn lè rà, awakọ̀ a da òróró ẹkùrọ́ sí i, nítorí pé ohun tó ń mú kẹ̀kẹ́ ológeere yọ̀, tó sì ń mú ẹ̀rọ ìránṣọ yọ̀, lójú wọn, ó yẹ kó mú ẹ́ńjìnnì náà yọ̀. Àdí sì máa ń dì nígbà ọyẹ́. Bó bá dì, kò ní dé ibi tó yẹ kó dé, irin á máa ha irin. Mo ní ó ṣeé ṣe. Mo tún ní ẹ́ńjìnnì tó ti darúgbó bẹ́ẹ̀ lè kán fúnra rẹ̀. Mo fi omi gbígbóná sí díẹ̀ nínú nǹkan náà, ó yọ́, ó léfòó. Èyí fi hàn pé ọ̀rá ni. Irú ọ̀rá tó jẹ́ gan-an, n kò ní ohun tí mo lè fi mọ̀ ọ́n, imú mẹ́káníìkì kì í sì í ṣe ẹ̀rí tí mo lè gbé ìwé lé.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ kí ẹlòmíì bá mi sọ ọ́.

“Ó bàjẹ́?” ni wọ́n bi mí.

“Ó bàjẹ́, Ìyá. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni irin inú rẹ̀ kán, tó sì lu ara rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ibi tó wà náà ló máa dúró sí.”

“Lọ́nà Oǹdó?”

“Ìyẹn ni mi ò lè mọ̀.”

“Kòkó tí wọ́n ní bàbá mi lọ wọ̀n ńkọ́?”

“Ẹ́ńjìnnì ò lè sọ ìyẹn, Ìyá. Wọ́n lè wọn kòkó, kí ẹ́ńjìnnì sì tún bàjẹ́. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́.”

Bọ̀dá kérora. Mẹ́káníìkì náà ní ọmọ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣàánú ènìyàn.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni ìyá àgbà wí. “Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣàánú mi ló tọ́ mi dàgbà.” Wọ́n tún yíjú sí mi. “Kí ni bàbá mẹ́káníìkì yẹn ń gbóòórùn?”

Mẹ́káníìkì náà ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ. Mo rò ó. Bí mo bá fi ohun tí wọ́n bèèrè pamọ́ fún wọn, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa gba ìyókù gbọ́. Mo ní ọ̀rá kan ni, pé mẹ́káníìkì náà ní àdí ni, pé èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ní kí n gbé díẹ̀ wá. Mo fi ewé gbé e wá. Wọ́n fi ìka kàn án, wọn kò gbé e sí imú.

“Àdí ni,” ni wọ́n wí. “Àdí ọmọ tuntun. Ìyá mi fúnra wọn ló yan ẹkùrọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, wọ́n fi ń dúró de ọmọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bàbá mi ní epo ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀, kò sì sí ibi tí a ti máa rí i. Ìyá mi ń rọbí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gbé àdí fún bàbá mi. Èmi ni mo gbé e.”

Bọ̀dá tó ti ń pariwo láti ọjọ́ Ẹtì dojú kọlẹ̀. Ewúrẹ́ kan wọ abẹ́ àtíbàbà, kò sí ẹni tó lé e.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni bàbá náà ní láti fi dá àwọn àna rẹ̀ lójú: kí ó ṣí ẹ́ńjìnnì náà kí wọ́n rí ihò. Kò ṣí i. Ẹnì kan ti àkísà bọ ihò náà, ó fi ọ̀dà bò ó, ó sì yí i sí ògiri. Bí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á rí ihò, wọ́n á sì rí ohun tó wà nínú àwo, wọ́n á bèèrè ẹni tó gbé e wá, ọmọ ọdún méje ni ẹ̀bi á sì já lé. Mo lè so gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò sì dún dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó fi ọ̀dà náà kùn ún, n kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá àgbà kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àwọn náà so ó pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà, èrò mi ni.

Bọ̀dá rọra bèèrè bóyá kí òun sọ fún àwọn tó ń ra irin kí wọ́n má wá mọ́.

“Kí wọ́n wá,” ni ìyá àgbà wí. “Ẹ kọ́kọ́ dí i padà.”

Mẹ́káníìkì náà kò bèèrè ìdí. Ó dá àwo ọ́ìlì padà pẹ̀lú bóòtù tó ṣẹ́kù, ó ká àkísà náà, ó kì í bọ ihò, ó kó ọ̀dà tí mo ti ha sílẹ̀ jọ, ó yọ́ ọ nínú agolo, ó fi kùn ún. Nígbà tó parí, ènìyàn tí kò bá mọ̀ kò lè mọ̀ pé a ṣí i. Bọ̀dá fẹ́ fún un ní nǹkan, ó kọ̀, ó ní iṣu ni kí wọ́n fún òun tí iṣu bá ta.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá àgbà lọ sí ilé àdúrà tó wà nítòsí, ti ìjọ aláṣọ funfun bíi èyí tí wọ́n ń lọ ní Omifunfun. Èmi kò lọ, mo sùn. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò bọ́ aṣọ funfun náà, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ibojì bàbá wọn wà níbẹ̀, láàárín igi ọ̀pẹ méjì. Sìmẹ́ńtì tó wà lórí rẹ̀ ti sán níbi ẹsẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ náà ń yọ̀, mo di apá wọn mú. Nígbà tí ó ku ìwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún, wọ́n yọ ọwọ́ mi kúrò, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní kí n dúró.

Mo dúró. Wọ́n bu erùpẹ̀ tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ńtì náà, wọ́n sì fọ́n ọn sórí rẹ̀. Wọ́n sọ nǹkan kan. Atẹ́gùn ń mi imọ̀ ọ̀pẹ, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, n kò sì bèèrè. Lẹ́yìn náà, wọ́n kúnlẹ̀ bí ọmọ obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀. Eékún méjèèjì kan ilẹ̀. Ìyẹn ni mo rí.